Ìgò tí Kò Gbọdọ̀ Pariwo

Gbogbo wa la mọ ariwo yẹn. Òde ti gbóná, onílù ń ki olówó ibẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ọlọ́jọ́ ìbí sì gbé ìgò sókè. Ó mì ín jìgìjìgì, ó fi àtàǹpàkò ti ìdérí rẹ̀, ó di gbàù! Ìdérí fò lọ bá àjà, ìfófó ya sórí aṣọ àǹkóò, tọmọdé tàgbà pàtẹ́wọ́. Èmi náà máa ń bá wọn pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n bá wá bu èyí tó ṣẹ́kù sínú ife la máa ń rí i pé ọtí ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò hó mọ́, adùn rẹ̀ sì ti bá ariwo lọ.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ wáìnì tó ń hó ní ilẹ̀ Faransé kì í fẹ́ gbọ́ gbàù. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ìgò mí kanlẹ̀, fìììn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Kì í ṣe fáàrí ló fà á. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi kó ìfófó yẹn jọ sínú ìgò. Bí a ṣe ń mú un tutù, bí a ṣe ń ṣí i, ife tí a ń bu ú sí, oúnjẹ tí a fi ń tì í lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ kò ju pé kí ìfófó náà má sá lọ kí ó tó dé orí ahọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀kan nínú irú wáìnì bẹ́ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó ń jẹ́ Blanquette de Limoux.

Limoux jẹ́ ìlú kékeré kan létí odò Aude ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 25 lọ sí ìlú Carcassonne. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi máa ń yangàn: wọ́n ní ní ọdún 1531, àwọn mọ́ńkì ilé ìsìn Saint-Hilaire tó wà nítòsí wọn ti ń ṣe wáìnì tó ń hó. Dom Pérignon, mọ́ńkì ẹkùn Champagne tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní bàbá ṣanpéènì, ọdún 1638 ni wọ́n tó bí i. Nítorí náà, bí ẹ bá dé Limoux, ẹ má ṣe pe wáìnì wọn ní àbúrò ṣanpéènì o. Ìjà lẹ ń wá.

Ní èdè Occitan, tí í ṣe èdè àbáláyé agbègbè náà, ‘funfun kékeré’ ni Blanquette túmọ̀ sí. Wọ́n ní irun funfun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ ewé àjàrà Mauzac ló bí orúkọ yìí. Mauzac yìí náà ló ni ìgò: òfin sọ pé kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 90 nínú 100, kí àjàrà Chardonnay àti Chenin Blanc tó pín èyí tó kù. Láti ọdún 1938 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti dáàbò bo orúkọ náà, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò tí kò ti ibẹ̀ wá. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Crémant de Limoux, tí òfin fún ní orúkọ tirẹ̀ ní ọdún 1990. Nínú ìyẹn, Chardonnay àti Chenin ló ń ṣáájú, Mauzac á tẹ̀ lé wọn.

Ibo wá ni ìfófó ti ń wá? Ẹni tó bá ti dúró ti adẹ́mu rí ti mọ ìdajì ìdáhùn. Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀pẹ sọ̀ ń hó, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó da nǹkan kan sí i. Ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára akèrègbè ló ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀. Bó ṣe ń jẹ ẹ́, ó ń sọ ọ́ di ọtí, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì jáde. Ẹnu akèrègbè là sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń bá tirẹ̀ lọ. Adẹ́mu kì í dé e pinpin, torí ó mọ ohun tó lè ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ará Limoux ní tirẹ̀ dé e pinpin. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí oje àjàrà di wáìnì lásán tí kì í hó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò tó nípọn, wọ́n á fi ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà sí i, wọ́n á sì dé e. Ìwúkàrà tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń tú kò rí ibi gbà jáde. Ó wọnú ọtí lọ, ó sá pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ìwúkàrà bá jẹ ṣúgà tán, á kú, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí ìdí ìgò. Òfin ní kí ọtí bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí gbé fún oṣù 9, ó kéré tán, àárín àsìkò yẹn sì ni òórùn bíi ti búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò ń wọ inú rẹ̀. Tí ó bá tó àkókò, wọ́n á máa yí ìgò díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa dojú rẹ̀ délẹ̀, títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò fi wá sí ọrùn. Wọ́n á mú ọrùn náà dì gbagidi, wọ́n á ṣí i, agbára inú ìgò á sì ti ìdọ̀tí síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á fi wáìnì tó ní ṣúgà díẹ̀ dí àyè tó ṣófo, kí wọ́n tó fi kọ́ọ̀kì dé e, kí wọ́n sì fi wáyà dè é mọ́lẹ̀. Agbára tó wà nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀ máa ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Wáyà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yà kan wà tó tún sún mọ́ ẹmu jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní méthode ancestrale, ìyẹn ‘ọ̀nà àwọn baba ńlá’. Mauzac nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn kì í jẹ́ kí ṣúgà inú oje tán kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò, wọn kì í sì í fi òmíràn kún un. Èyí tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ni ìwúkàrà ń jẹ lọ. Láyé àtijọ́, òtútù ọ̀gìnnìtìn ló ń mú ìwúkàrà sùn. Bí ooru bá padà dé, á jí, á sì máa bá iṣẹ́ lọ nínú ìgò. Wáìnì yìí dùn bí ẹmu àárọ̀. Agbára ọtí inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 6 tàbí 7 nínú 100 lọ, nígbà tí Blanquette ti àkọ́kọ́ yẹn ń lọ sí bíi 12.

Ní báyìí, ẹ ti ra ìgò kan, ẹ gbé e dé ilé. Ohun àkọ́kọ́ tó ń fẹ́ ni òtútù. Ẹ rántí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tó jókòó sínú oòrùn látàárọ̀: bí ẹ bá ṣí i, á bẹ́, á sì dà síta. Ẹ gbé èkejì rẹ̀ jáde nínú fíríìjì: á kàn ṣe ṣìì ni. Afẹ́fẹ́ fẹ́ràn láti dúró sínú ohun mímu tó tutù, ooru ló ń lé e jáde. Blanquette ń fẹ́ òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 6 sí 8. Wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú fíríìjì tó bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá garawa, ẹ bu áísì àti omi sí i ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ ri ìgò bọ̀ ọ́ dé ọrùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ má fi omi sílẹ̀ o. Áísì nìkan kò lè fọwọ́ kan gbogbo ara ìgò, omi ló ń gbé òtútù yí i ká. Ní ti àpótí tó ń mú omi dì, ẹ jìnnà sí i: ẹ ó gbàgbé, ọtí á dì, á wú, á sì fọ́ ìgò. Ẹ má sì fi áísì sínú ife, torí omi ni yóò dà, ọtí á sì là.

Ìgbà tó bá tutù tán ni ká wá ṣí i. Ẹ nu ìgò gbẹ kó má baà yọ̀ lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì ya bébà tó bo orí rẹ̀. Ẹ gbé àtàǹpàkò lé orí ìdérí, ẹ má sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ yí etí wáyà. Yíyí ìlàjì mẹ́fà ni a sábà máa ń yí i kó tó tú. Ẹ jẹ́ kí wáyà náà wà lórí ìdérí, á jẹ́ kí ọwọ́ rí nǹkan dì mú. Ẹ da ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kó má dojú kọ ẹnikẹ́ni, kó má sì dojú kọ gílóòbù iná. Ìdérí tó bá já lè sáré ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí kan, ojú èèyàn mélòó kan ló sì ti fọ́ báyẹn. Ẹ wá di ìdérí mú ṣinṣin, kí ẹ máa fi ọwọ́ kejì yí ìdí ìgò. Ìgò là ń yí, kì í ṣe ìdérí. Ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n nígbà tí ìdérí bá fẹ́ jáde. Ẹ má fà á. Ẹ tì í padà díẹ̀, bí ẹni tó ń di ọmọ tó fẹ́ sáré sí títì mú. Fìììn. Ó tán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò rí kọ́ọ̀kì rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀kì ló ń sọ.

Ó ku ife. Ife tó fẹjú pẹrẹsẹ bí àwo, tí a máa ń rí nínú àwòrán àtijọ́, rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ojú ọtí tó là sílẹ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀, ìfófó àti òórùn á tètè fò lọ. Ife tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ń pa ìfófó mọ́, ṣùgbọ́n imú kò rí àyè wọ̀ ọ́. Èyí tó dára jù ni ife tí ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì wá sún pọ̀, bí òdòdó tí kò tíì là tán. Bí kò bá sí, ife wáìnì funfun lásán tó.

Fífọ ife ní àṣírí tirẹ̀. Ọṣẹ tí a kò ṣàn dáadáa àti ọ̀rá díẹ̀ tó bá kù lára ife máa ń pa ìfófó. Ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án léraléra. Síbẹ̀, ife tó bá mọ́ jù náà kò ní jẹ́ kí ọtí hó. Gérard Liger-Belair, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Reims tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ṣanpéènì, fi hàn pé fọ́nrán aṣọ àti eruku tí ojú kò lè rí, èyí tó lẹ̀ mọ́ inú ife, ni àwọn ìlẹ̀kẹ̀ afẹ́fẹ́ ti ń hù. Nítorí náà, ìlà ìlẹ̀kẹ̀ tó ń gòkè nínú ife yín, tí ẹ rò pé ìdí ọtí ló ti ṣẹ̀, lára aṣọ ìnuwọ́ tí ẹ fi nu ife ló ti ṣẹ̀! Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ló wọ̀n ọ́n pé bí a bá da ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí a ń bu ọtí, bí àwọn tó ń bu bíà ṣe ń ṣe, afẹ́fẹ́ tó ń ṣòfò kì í pọ̀ tó ti ìgbà tí a bá dà á sínú ife tó dúró ṣánṣán. Ẹ bu díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìfófó rọlẹ̀, kí ẹ tó bu sí i. Ẹ má jẹ́ kó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ife lọ. Ìgò kan, mìlílítà 750, tó èèyàn mẹ́fà láìsí ìjà.

Kí ẹ tó mu ún, ẹ wò ó. Blanquette tó dára máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí gààrí tí a fi epo díẹ̀ sí, pẹ̀lú ìtànṣán àwọ̀ ewé lára rẹ̀. Kí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ wẹ́, kí ó sì máa to tẹ̀ léra. Ẹ gbé etí sún mọ́ ọn: ẹ ó gbọ́ ohùn kan wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí ewé kókò. Ariwo tó tọ́ sí wáìnì yìí nìyẹn. Ẹ wá gbé imú sí i, láì yí ife lọ́wọ́ bíi ti wáìnì pupa, torí yíyí á lé afẹ́fẹ́ lọ. Òórùn ápù ló máa ń kọ́kọ́ yọjú nínú Mauzac, pàápàá èèpo ápù aláwọ̀ ewé. Òórùn òdòdó funfun àti oyin díẹ̀ á tẹ̀ lé e, ti búrẹ́dì á sì wà lẹ́yìn pátápátá.

Ẹ mu díẹ̀, ẹ má tètè gbé e mì. Ẹ jẹ́ kó yí gbogbo ẹnu ká. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ó ṣe ń kan, tí itọ́ sì ń sun láti ìdí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ìgbà tí èèyàn gé agbálùmọ̀ àkọ́kọ́ ọdún jẹ. Kíkan yìí ni egungun ẹ̀yìn wáìnì. Láìsí i, á kàn rí játijàti ni. Lẹ́yìn náà ni ìfófó: ṣé ó ń gún ahọ́n bí abẹ́rẹ́ ni, àbí ó ń yọ́ bí òrí? Èyí tó ń yọ́ là ń fẹ́. Nígbà tí ẹ bá gbé e mì, ìkorò díẹ̀ á ṣẹ́ kù sẹ́yìn ọ̀nà ọ̀fun, bí ẹni tó ti jẹ èèpo ápù mọ́ ọn. Ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́, ìwà Mauzac ni.

Ẹ ó ti rí àwọn ọ̀rọ̀ kan lára ìgò tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Iye ṣúgà tó wà nínú ọtí ni wọ́n ń sọ. Brut Nature kò tó gíráàmù 3 nínú lítà kan. Brut kò tó 12. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni Sec: ‘gbígbẹ’ ló túmọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ó ní gíráàmù 17 sí 32, tí ó sì ń dùn. Demi-sec ní 32 sí 50. Ohun tó bá ju 50 lọ ń jẹ́ Doux. Ẹni tí kò bá mọ èyí, kò ní mọ oúnjẹ tó yẹ kó gbé tì í.

Òfin mẹ́rin péré ló wà nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kíkan ọtí àti ìfófó rẹ̀ máa ń gé ọ̀rá lẹ́nu. Iyọ̀ máa ń mú kí kíkan rẹ̀ tù. Oúnjẹ tó bá dùn ju wáìnì lọ á mú kí wáìnì kan gógó. Ata náà kò bá ìfófó àti ọtí ṣe ọ̀rẹ́. Ńṣe ni wọ́n ń gbé iná rẹ̀ sókè, ṣúgà ló sì ń tù ú lójú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń mu brut pẹ̀lú ọ́ísítà tí wọ́n ń kó nínú adágún Thau, létí òkun gúúsù ilẹ̀ Faransé: ó ní iyọ̀, ó sì ń fẹ́ ohun tó kan díẹ̀. Wàràkàṣì tí wọ́n fi wàrà ewúrẹ́ ṣe náà bá a lọ. Ní Limoux fúnra rẹ̀, bisikíìtì oníyọ̀ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi ata díẹ̀ sí, wọ́n ń pè é ní pébradou. Òun ni wọ́n fi ń panu tì í kí oúnjẹ gidi tó dé. Ní ti ancestrale, ẹ̀yìn oúnjẹ ni àyè rẹ̀ wà, pẹ̀lú kéèkì ápù, tàbí búrẹ́dì dídùn roboto tí wọ́n fi èso oníṣúgà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọdún Epífánì ní oṣù kìn-ín-ní.

Ẹni tó bá ti gbọ́ òfin mẹ́rin yìí kò nílò ará Faransé láti sọ ohun tó yẹ ní ilé tirẹ̀ fún un. Àkàrà gbígbóná, òjòjò, ẹja díndín, ẹ̀pà oníyọ̀: ọ̀rẹ́ brut ni gbogbo wọn, torí epo àti iyọ̀. Dòdò tó pọ́n dáadáa dùn ju brut lọ. Ancestrale ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀. Bí ata rodo bá ti pọ̀ nínú ọbẹ̀, ẹ gbé brut sá, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kí àlejò máa bu omi mu títí ilẹ̀ fi ṣú. Àṣìṣe tó sì wọ́pọ̀ jù lóde wa ni ti kéèkì ìgbéyàwó: wọ́n á gé kéèkì oníṣúgà, wọ́n á sì fi brut tì í. Gbogbo ènìyàn á fún ojú pọ̀, wọ́n á ní ọtí òyìnbó kò dùn. Kéèkì ló jẹ̀bi. Demi-sec tàbí ancestrale ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Tí ó bá ṣẹ́ kù sínú ìgò, ẹ ra ìdérí oníṣípíríǹgì tó ń di ẹnu rẹ̀ mú, kí ẹ gbé e padà sínú fíríìjì. Ó lè fara dà á di ọjọ́ kejì. Ṣíbí tí àwọn kan ń ti ìdí rẹ̀ bọ ọrùn ìgò kò ṣe nǹkan kan. Ìgò tí ẹ kò tíì ṣí náà, ẹ má fi pamọ́ de ìgbéyàwó ọmọ tó ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ìgbà èwe Blanquette ló ń dùn. Kí ẹ mu ún láàárín ọdún méjì tàbí mẹ́ta.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ará Limoux kórìíra ariwo. Láti oṣù kìn-ín-ní títí di ìgbà tí ọdún Àjíǹde bá ń sún mọ́lé, ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, àwọn eléré wọn máa ń da aṣọ àti ìbòjú borí, wọ́n á máa jó yí ojúde ìlú ká lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, pẹ̀lú fèrè àti ìlù lẹ́yìn wọn. Alẹ́ tí wọ́n fi ń kádìí ayẹyẹ náà, tí wọ́n ń dáná sun ère rẹ̀, Alẹ́ Blanquette ni wọ́n ń pè é. Ariwo ń bẹ níbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fọn fèrè la gbé e lé lọ́wọ́.

Àwa náà ní onílù. Lọ́jọ́ òde tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi ìgò sílẹ̀ kó mí.